SS, SC, àfín: bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ ara yín ṣírò ohun tí ọmọ lè jogún

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mú ìwé àyẹ̀wò dé, tí ti àwọn méjèèjì sì jẹ́ AS, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ilé máa ń sọ: “Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún, kí ẹ wá gbọ́. Ìyá ọkọ á ní bí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan á máa ṣàìsàn, mẹ́ta á gbádùn. Àbúrò ọkọ á ní níwọ̀n ìgbà tí àkọ́bí ti jẹ́ SS, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti bọ́ nìyẹn. Kò sí èyí tó gbà á nínú àwọn méjèèjì.

Ìṣirò náà kò le. Ẹni tó bá mọ ìdajì àti ìdámẹ́rin lè ṣe é. Ibi tó ti ń dà rú ni ohun tí a gbé ìṣirò lé lórí: ìwé àyẹ̀wò tí kò pé, ẹbí tí a kò béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta kan báyìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Fòníkú-fọ̀ladìde (SS, SC àti irú wọn), tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose, ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ilé kò ṣaláìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá mú àfín, níbi tí kò ti sí ìwé àyẹ̀wò tí ènìyàn lè sáré lọ gbà, tó sì jẹ́ pé ìtàn ìdílé la máa gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí lẹ́tà méjì yẹn ń sọ

Ọmọ máa ń gba jíìnì kan lọ́dọ̀ bàbá, kan lọ́dọ̀ ìyá, fún iṣẹ́ kan náà. Jíìnì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tó ń ṣe apá kan hemoglóbíìnì, ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀; orí kọromosóòmù 11 ló wà. A ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. S jẹ́ A tí ohun kékeré kan ṣoṣo yí padà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Vernon Ingram ṣe fi hàn ní 1956. C náà yí padà ní ojú ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n sí nǹkan mìíràn.

Àbùdá tó ń fara pamọ́ ni èyí tí kì í jáde síta àyàfi bí jíìnì méjèèjì bá jẹ́ aláàbọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS ní A kan tó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe aláìsàn. Kódà AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le. Anthony Allison ló kọ èyí síta ní 1954, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 10 sí 40 nínú 100 ènìyàn ló gbé S kan ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lágbègbè ìlà ìdajì ayé. Kódà, ọ̀kan nínú àwọn orírun S tí àwọn onímọ̀ tọ pinpin rẹ̀, Benin ni wọ́n sọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi AS bú ara wọn. Lẹ́tà tó ń gbé inú wa láti ìgbà àwọn baba ńlá ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rí i pé ìwé tó tọ́ ló wà lọ́wọ́ yín

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ jù, torí ìṣirò tó mọ́ tónítóní lórí ìwé tí kò pé, òfo ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbé gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń na káàdì wọn jáde pẹ̀lú ìgboyà: “Èmi A ni, ọ̀rọ̀ SS ò kàn mí.” Ẹ bá wọn wò ó, A+ ló wà níbẹ̀. A, B, AB àti O ti gúrúùpù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó lè fún ẹni ní ẹ̀jẹ̀. Kò bá A ti hemoglóbíìnì tan rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ̀ pé oríṣi àyẹ̀wò méjì ni àwọn làbó wa ń ṣe fún S, wọn ò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni test d'Emmel. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sáàárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, wọ́n á lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá fi máíkírósíkóòpù wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ń tẹ̀ bí dòjé. Bí wọ́n bá tẹ̀, wọ́n á kọ “positif”. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ AS á tẹ̀, ti SS á tẹ̀, ti SC náà á tẹ̀; Emmel ò lè sọ èwo ni èwo. Èyí tó tún wá léwu jù fún ìṣirò wa ni pé ẹ̀jẹ̀ AC kì í tẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AC á gba “négatif”, á ká ìwé náà sápò, á sì máa sọ fún aráyé pé AA lòun. Tó bá jẹ́ pé àárín àwa tí a wà nísàlẹ̀ nìkan ni a ti ń fẹ́ra, ẹ ò bá ní ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ṣùgbọ́n C pọ̀ ní Burkina Faso, ní àríwá Ghana àti àríwá Benin tiwa níbí, ará Ṣábẹ̀ẹ́ sì ń fẹ́ ará òkè, ará òkè ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ó ń bímọ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì ni ẹ nílò. Lórí ìwé, “électrophorèse de l'hémoglobine” ni wọ́n máa ń kọ. Òun ló ń ya A, S, C àti F (hemoglóbíìnì ọmọ inú oyún) sọ́tọ̀, tó sì ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé électrophorèse lẹ fẹ́ ṣe fún wa ni, àbí Emmel?” Kò sí àrífín níbẹ̀. Owó yín ni.

Ìwé tó dára máa ń rí báyìí:

Hb A : 58,4 %
Hb S : 38,9 %
Hb A2 : 2,7 %
Conclusion : AS

Ẹ má wo “Conclusion” nìkan, ẹ wo ìdá tó wà lókè rẹ̀. Ní ara AS, A ló máa ń ju S lọ. Bí S bá ju A lọ, tí ẹni náà kò sì tíì gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́, ẹ má fi AS ṣírò o. Ó ṣeé ṣe kí jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní bẹta-talasémì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ìwé náà padà fún dókítà. Bí kò bá sí A rárá, tó jẹ́ S ló gba ibẹ̀ kan pẹ̀lú F díẹ̀, SS ni wọ́n sábà máa kọ. Bí S àti C bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí A kò sí, SC ni.

Ìgbà méjì wà tí électrophorèse gan-an máa ń ṣini lọ́nà. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn lè gbé A tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde, torí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo tó ọjọ́ 120 kó tó kú. Ọmọ tuntun sì wà tí F ló pọ̀ jù lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé FA, FAS, FS tàbí FSC ni ẹ máa rí. Ìyẹn ṣeé kà, ṣùgbọ́n wọ́n á tún un ṣe nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fa àpótí mẹ́rin

Ẹ kọ lẹ́tà méjì ìyá sókè, ẹ kọ ti bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀ ní oríta kọ̀ọ̀kan. AS pẹ̀lú AS rèé:

Ìyá fún un ní A, bàbá fún un ní A: AA
Ìyá fún un ní A, bàbá fún un ní S: AS
Ìyá fún un ní S, bàbá fún un ní A: AS
Ìyá fún un ní S, bàbá fún un ní S: SS

Ìdí tí àpótí kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ 1/4 ni pé ìdajì ni ìṣeéṣe pé ìyá á fúnni ní A, ìdajì ni pé á fúnni ní S. Bàbá náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀kan fúnni kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ti èkejì. 1/2 × 1/2 = 1/4. AS ní àpótí méjì, nítorí náà 1/4 + 1/4 = 1/2. Òfin méjì tí gbogbo ìyókù dúró lé nìyẹn: bí nǹkan méjì bá gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, bí ọ̀nà méjì bá wà tí nǹkan kan náà lè gbà ṣẹlẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀.

Àwọn tó rọrùn: AA pẹ̀lú AS, ìdajì AA, ìdajì AS, kò sí SS. AA pẹ̀lú SS, gbogbo ọmọ ni AS. AS pẹ̀lú SS, ìdajì AS, ìdajì SS. SS pẹ̀lú SS, gbogbo wọn SS.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró lórí èyí tí C wà nínú rẹ̀. Ká ní Ràfíátù ará Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ AS, électrophorèse ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ wá láti apá Natitingou, ní ìwé Emmel tí wọ́n kọ “négatif” sí. Wọ́n fi í sí AA, wọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n ṣègbéyàwó. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ AC, àpótí wọn rèé: AA, AC, AS, SC. Ìdámẹ́rin SC ni. SC kì í sábà le tó SS ní kékeré, ṣùgbọ́n àrùn ni. Ó ní ìrora tirẹ̀, ó sì máa ń ba ojú àti eegun ìbàdí jẹ́ bó bá yá. Odo ni wọ́n rò pé àwọn wà, 25% ni wọ́n wà, ìwé kékeré kan ló fa gbogbo rẹ̀.

Èyí tó tún le sí i ni SC pẹ̀lú AS. Ìyá lè fún ọmọ ní S tàbí C, bàbá lè fún un ní A tàbí S: AS, AC, SS, SC. Àpótí méjì nínú mẹ́rin ni àìsàn, ìyẹn ìdajì, AA ò sì sí níbẹ̀ rárá. CC tó lè jáde láti ara AC pẹ̀lú AC ní tirẹ̀ máa ń fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dín díẹ̀ lára ẹni náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ SS.

Ìgbésẹ̀ 4: Láti oyún kan dé odidi ìdílé

Àpótí mẹ́rin kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kan ṣoṣo ni gbogbo àpótí yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí oyún mìíràn bá dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Jíìnì ò rántí ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tí kò bá gbà, kó mú owó ẹyọ 100 fáráǹkì méjì, kó lẹ bébà kékeré mọ́ ojú wọn, A sójú kan, S sójú kejì. Ọ̀kan ni bàbá, ọ̀kan ni ìyá. Ẹ jọ jù wọ́n sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan nìyẹn; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 40, kí ẹ fi ìlà pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni pé ìdílé mẹ́wàá ni. Ẹ máa rí ìdílé tí kò ní SS kankan, ẹ máa rí èyí tó ní méjì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí SS méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Mo máa ń fi eléyìí ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi dípò kí n máa kọ nǹkan sójú pátákó, ariwo wọn sì máa ń dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Láti ṣírò fún ọmọ tó ju ọ̀kan lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti SS. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti sí SS, torí òun ló yá. Fún oyún kan, 3/4. Fún méjì, 3/4 × 3/4 = 9/16. Fún mẹ́ta, 27/64. Fún mẹ́rin, 81/256. Ẹ wá yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 1, ẹ ó rí ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọmọ kan á jẹ́ SS:

Ọmọ 1: 25%
Ọmọ 2: nǹkan bí 44%
Ọmọ 3: nǹkan bí 58%
Ọmọ 4: nǹkan bí 68%

Ìyá ọkọ tó ní ọ̀kan péré á ṣàìsàn nínú mẹ́rin ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́rin ni ìyẹn lè gbà ṣẹlẹ̀, torí ó lè jẹ́ àkọ́bí, èkejì, ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. 4 × 1/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4 = 27/64, nǹkan bí 42%. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé bẹ́ẹ̀, bí 42 ló máa rí bí màmá ṣe wí, bí 32 ò ní ní SS kankan, bí 26 á ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà á ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ ó ṣì í fún ìdílé tó ju ìdajì lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ìwé ò bá sí, ẹ bi ìdílé

Fún S àti C, ìdáhùn mi kúrú: ẹ lọ ṣe électrophorèse. Kò sí ìṣirò ìdílé tó tó ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣírò fún lè ti kú, tàbí kó wà ní Gàbọ́ọ̀nù, tàbí kó jẹ́ pé àbùdá mìíràn ni tí làbó wa kì í ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ìtàn ìdílé ni ẹ máa fà yọ nígbà náà.

Ẹ ya á sórí bébà: àwọn òbí òbí lókè, àwọn òbí lábẹ́ wọn, gbogbo ọmọ ìyá kan náà lórí ìlà kan, títí kan àwọn tó ti kú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí ẹ bá bi màmá àgbà ní Kétu pé ọmọ mélòó lẹ bí, àwọn tó wà láàyè ló máa kà fún yín. Ẹ fetí sí orúkọ. Bí ẹ bá gbọ́ Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí tàbí Bánjókòó, ẹnì kan ti lọ ṣáájú ẹni yẹn nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ béèrè: ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú? Ṣé ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí òbì, ṣé eegun máa ń dùn ún nígbà òtútù? Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí orúkọ àbíkú kọ SS sórí bébà. Ibà àti ìgbóná pa ọmọ púpọ̀ láyé ọjọ́un. Orúkọ kàn ń jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa béèrè ni.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta tí mo ní ẹ má gbàgbé rèé. Ká ní àbúrò yín jẹ́ SS, ara yín le, ẹ ò tíì ṣe àyẹ̀wò. Bàbá àti ìyá yín jẹ́ AS àti AS. Kí ni ìṣeéṣe pé ẹ gbé S? Ọ̀pọ̀ máa sọ ìdajì, torí àpótí méjì nínú mẹ́rin ni AS. Ṣùgbọ́n ara yín le, ẹ kì í ṣe SS, ẹ fagi lé àpótí yẹn. Mẹ́ta ló kù: AA, AS, AS. Méjì nínú mẹ́ta ni.

Àwọn ìyókù máa ń dín ní ìdajì-ìdajì bí ẹ ṣe ń jìnnà. Ọmọ tí aláìsàn SS bí gbọ́dọ̀ gbé S, kò sí àní-àní. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá aláìsàn náà: 1/2. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀: 1/4.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìṣirò àfín

Àfín lára wa níbí sábà máa ń wá láti ara jíìnì tí wọ́n ń pè ní OCA2, orí kọromosóòmù 15. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó ń mú àwọ̀ wá ní D, ká pe èyí tí kò lè ṣe é ní f. DD àti Df dúdú. Àfín ni ff. Ẹni tó jẹ́ Df ò mọ̀, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ àti ìyàwó dúdú kirikiri fi lè bí àfín, tí àwọn aláìmọ̀kan á sì máa wo ìyàwó lójú òdì. Ọkọ gbọ́dọ̀ mú f tirẹ̀ wá kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wáyé.

Akin, ará Kétu, dúdú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ àfín. Ó fẹ́ fẹ́ Ìyábọ̀, tí kò sí àfín kankan nínú ìdílé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rántí. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀ kí ọmọ wọn tó jẹ́ àfín: kí Akin gbé f, kí Ìyábọ̀ náà gbé e, kí àwọn méjèèjì sì fi í fún ọmọ kan náà.

Ti Akin jẹ́ 2/3. Ti Ìyábọ̀ ni a ó wá láti inú iye àfín tó wà láàárín ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi iye àfín ní Áfíríkà sáàárín 1 nínú 5,000 sí 1 nínú 15,000. Ẹ jẹ́ ká mú 1 nínú 10,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Ọgbọ́n tí G. H. Hardy ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wilhelm Weinberg ní Jámánì gbé jáde ní 1908, láìjẹ́ pé ọ̀kan gbọ́ sí ti èkejì, la máa lò. Àfín nílò f méjì. Bí f méjì tó pàdé bá jẹ́ 1/10,000, a jẹ́ pé f kan ṣoṣo jẹ́ 1/100, torí 1/100 × 1/100 = 1/10,000. Jíìnì méjì ni ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà bí 2 nínú 100 ló gbé f kan: 1/50. Ẹ rí i? Àfín jẹ́ ẹnì kan nínú 10,000, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e láìmọ̀ jẹ́ ẹnì kan nínú 50. Nínú ìpàdé ẹbí kan ní Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí irú wọn jókòó síbẹ̀.

2/3 × 1/50 × 1/4 = 2/600, ìyẹn 1/300. Ó fi ìlọ́po bí 33 ju ti ará ìlú lásán lọ, síbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Akin fẹ́ fẹ́. Tirẹ̀ kì í ṣe 1/50 mọ́, 1/4 ni. 2/3 × 1/4 × 1/4 = 2/48, ìyẹn 1/24. Àwọn àgbà wa tó ní ẹbí kì í fẹ́ ẹbí lè má mọ Hardy, ṣùgbọ́n Hardy wà lẹ́yìn wọn.

Bí àfín bá fẹ́ àfín, ff pẹ̀lú ff, gbogbo ọmọ ló yẹ kó jẹ́ àfín. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé jíìnì kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Bí ti ọ̀kan bá wá láti ara jíìnì mìíràn, ọmọ wọn á dúdú. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ọmọ bá ti wà nílẹ̀, ẹ tún un ṣírò

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà kì í dé ibí. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé jíìnì ò rántí ẹ̀gbọ́n. Bí a bá mọ̀ dájú pé AS àti AS ni òbí, bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ òbí dájú, àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ń sọ nǹkan fún wa nípa òbí.

Ká ní ìyá ọkọ kan jẹ́ àfín, nítorí náà ọkọ náà gbé f dájúdájú. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ àfín, àwọn òbí rẹ̀ dúdú, òun náà dúdú: 2/3. Kí wọ́n tó bímọ, ìṣeéṣe fún àkọ́bí jẹ́ 2/3 × 1/4 = 1/6. Wọ́n ti wá bí mẹ́ta báyìí, gbogbo wọn dúdú. Èló ni ti ẹ̀kẹrin?

Ẹ má fi ìdá-ìdá ṣírò rẹ̀. Ẹ mú 96 irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ sọ́kàn. Nínú 64, ìyàwó gbé f. Nínú 32, kò gbé e. Àwọn 32 yẹn ò lè bí àfín, gbogbo wọn á ní ọmọ dúdú mẹ́ta. Nínú àwọn 64, ìṣeéṣe ọmọ dúdú mẹ́ta jẹ́ 27/64 tí a ti rí lókè, nítorí náà 27 nínú wọn. Àwọn tó bá tọkọtaya wa mu jẹ́ 32 + 27 = 59. Nínú 59 yìí, 27 ni ìyàwó ti gbé f: bí 46%. Ó ti wá sílẹ̀ láti 67%. Fún ẹ̀kẹrin, 27/59 × 1/4 = 27/236, bí 11%.

Bí ẹ̀kẹrin bá wá jẹ́ àfín, gbogbo ìyẹn ti parí: ìyàwó gbé f, ọ̀rọ̀ ẹ̀karùn-ún sì di 1/4 láìsí àfikún.

Bí èsì àti ìṣirò bá ń takora

Ìwé ìyá ní AA, ti bàbá ní AS, ọmọ ní SS. Àpótí mẹ́rin ò gbà á. Ibí yìí ni ilé ti máa ń dàrú, torí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹbí ni pé ta ló lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wò ó lẹ́sẹẹsẹ: ṣé Emmel ni wọ́n fi pe ìyá ní AA? Bó bá jẹ́ Emmel, ó lè jẹ́ AC, ọmọ sì lè jẹ́ SC tí wọ́n ka sí SS, pàápàá bó jẹ́ pé Emmel náà ni wọ́n ṣe fún ọmọ. Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá lára nígbà ìbímọ tó kọjá? Ṣé orúkọ tó wà lórí ìgò ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀? Ṣé A2 (hemoglóbíìnì díẹ̀ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A) tó wà lórí ìwé ìyá ga ju 3,5 % lọ? Bó bá ga, ó lè gbé bẹta-talasémì, ọmọ tó bá sì gba ìyẹn pẹ̀lú S bàbá lè rí bí SS lórí ìwé.

Ní Kútọnu, ibùdó kan wà fún ọmọ ọwọ́ àti aboyún tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy so mọ́. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Ìyá, bàbá àti ọmọ ni kí ẹ jọ lọ, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì mú gbogbo ìwé àtijọ́ dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé kò wúlò.